Ẹni tó Di Bíréèkì Mú

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi ọ̀sán Sátidé yín sílẹ̀ wá gbọ́ mi. Kí n tó wọlé ni ìyá kan ti dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyá Ràfíátù, ṣé òótọ́ ni pé ìwọ àtàwọn ọmọdé lẹ jọ ń tò sórí ìlà láti gun ọkọ̀ tó ń já láti orí òkè nílùú òyìnbó? Kí ni àgbàlagbà ń wá níbẹ̀?" Mo ní kó wọlé kó jókòó, pé ìdáhùn rẹ̀ gùn.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń rìn káàkiri àwọn ọgbà eré. Mo ti gun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ 73 tí kò jọra wọn, orúkọ ìkọ̀ọ̀kan àti ọjọ́ tí mo gùn ún sì wà nínú ìwé kan nílé. Èmi nìkan kọ́ o. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó fẹ́ràn nǹkan yìí ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ọdún 1978. Faransé ń pe ọkọ̀ náà ní òkè Rọ́ṣíà, nítorí àwọn ará Rọ́ṣíà ló kọ́kọ́ ń fi igi àti omi dídì ṣe òkè gíga, tí wọ́n á jókòó sórí nǹkan, tí wọ́n á yọ̀ ṣọ̀ọ̀ sílẹ̀ nígbà òtútù. Àwọn ará Rọ́ṣíà fúnra wọn, òkè Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pè é! Òkè Rọ́ṣíà lèmi yóò máa pè é lónìí, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pè é níhìn-ín.

Ṣùgbọ́n òkè Rọ́ṣíà kọ́ ló kọ́kọ́ mú mi. Àjàṣẹ́ yìí, tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, ló ti mú mi.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní ọdún 1958. N kò tíì pé ọmọ ọdún méje tí wọ́n fi mú mi wá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ níbí. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, yálà Iléyá ni o, yálà Kérésì ni, bàbá kan máa ń gbé mánẹ́ẹ̀jì rẹ̀, ìyẹn ẹṣin onígi aláyìípo, wá sí gbàgede kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ẹ má rò pé iná mànàmáná ló ń yí i. Òpó igi kan ló wà láàárín, igi mẹ́fà nà jáde lára rẹ̀ bí apá, ẹṣin onígi kan sì wà lórí ìkọ̀ọ̀kan. Bàbá náà á wọ àárín, á gbé àyà lé ọ̀pá kan tó ti fi àkísà wé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í yípo. Fàráǹkì márùn-ún ni.

Etí kan ló ṣẹ́kù fún ẹṣin tí mo fẹ́ràn. Mo máa ń di etí kan yẹn mú tó fi di pé ó ń dán bí ọpọ́n ayò. Ṣùgbọ́n bàbá yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Kì í wo ilẹ̀ tó bá ń ti nǹkan náà, ojú wa ló máa ń wò, lọ́kọ̀ọ̀kan bá a ti ń yípo. Bí ojú ọmọ kan bá yí padà, bí ẹnu rẹ̀ bá fẹ́ kán, bàbá á fi gìgísẹ̀ gúnlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á rọra dẹ̀. Bó bá sì rí i pé ẹ̀rín ni, á tún fi agbára kún un. Nígbà tí wọ́n bá kó mánẹ́ẹ̀jì náà lọ, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣẹ́kù sínú yanrìn, ó gbẹ́ yípo bíi yàrà kékeré. Èmi àtàwọn ẹgbẹ́ mi á máa sáré nínú rẹ̀ títí òjò fi máa dí i.

Mo pa á tì síbẹ̀. Ìgbà Ìyípadà ìjọba Kérékou dé, iléèwé, ìgbéyàwó, ọmọ.

Ní ọdún 1986 mo bá ọkọ mi lọ sí Faransé. Iṣẹ́ tí mo ṣe jù níbẹ̀ ni títọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, tọkùnrin tobìnrin tó ń pè mí ní tàtá, ìyẹn àǹtí. Ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1992 ni wọ́n ṣí ọgbà Disney ní Marne-la-Vallée, bíi kìlómítà 32 sí ìlà-oòrùn Paris. Rélùwéè ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní RER A, dé ẹnu géètì rẹ̀ gan-an. Ní oṣù keje, ìyá àwọn ọmọ méjì tí mo ń tọ́jú ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ó ní kí n mú wọn lọ.

Mo rò pé màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, màá di báàgì mú, kí àwọn ọmọ máa ṣeré. Ọmọkùnrin náà, ọmọ ọdún méje, kò gbà. Òkè pupa kan wà láàárín omi níbẹ̀, Big Thunder Mountain ni wọ́n ń pè é. Etídò lèèyàn á ti wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré, òkè sì wà lórí erékùṣù lọ́hùn-ún. A ò rí afárá kankan. N kò bi ara mi léèrè pé báwo la ṣe máa débẹ̀. Ọkọ̀ gbéra, ó wọ inú òkùnkùn, ó ré wa lọ sísàlẹ̀ lábẹ́ omi yẹn, afẹ́fẹ́ tútù gbá mi lójú, ọmọ náà di ìka mi kan ṣoṣo mú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tà-tà-tà-tà lábẹ́ ìdí mi, a ń gòkè, mo sì rí ojú ọ̀run láti inú ihò òkè. Mo ké pe Ọlọ́run ní Yorùbá. Nígbà tá a bọ́ sílẹ̀, omi ń dà lójú mi, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Tàtá, ká tún lọ?" A tún lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la gùn ún lọ́jọ́ yẹn, ìlà rẹ̀ sì gùn bí ìlà ẹni tó fẹ́ gba káàdì ìdánimọ̀.

Nínú rélùwéè tá a fi ń bọ̀, àwọn ọmọ ti sùn lé mi lẹ́sẹ̀, ohun tí mo ń rò ni bàbá onímánẹ́ẹ̀jì. Mo ń bi ara mi pé, nínú gbogbo ẹ̀rọ ńlá yìí, ta ló ń wo ojú wa?

Ọmọ Sábẹ kan ló dá mi lóhùn. Níbi ìkómọ kan ní Montreuil la ti pàdé. Ó ń ṣiṣẹ́ òru nínú ọ̀kan lára àwọn ọgbà eré ilẹ̀ Faransé, lára àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Mo bi í pé irú ẹ́ńjìnnì wo ló máa ń wà nínú ọkọ̀ òkè Rọ́ṣíà.

"Àǹtí, kò sí ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀."

"Báwo ni kò ṣe ní sí, àbúrò? Ohun tó ń sáré bẹ́ẹ̀?"

"Ṣéènì ló ń fà á dé orí òkè àkọ́kọ́. Bó bá ti débẹ̀, iṣẹ́ ṣéènì parí. Ilẹ̀ ló ń pè é."

Ilẹ̀ ló ń pè é. N kò tíì gbọ́ ẹni tó ṣàlàyé rẹ̀ tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ìdí nìyẹn tí òkè àkọ́kọ́ fi máa ń ga ju àwọn tó kù lọ: gbogbo agbára tí ọkọ̀ máa ná títí dé òpin, ibẹ̀ ló ti gbà á. Atẹ́gùn á jẹ nínú rẹ̀, irin tó ń ha irin á jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà òkè kejì gbọ́dọ̀ kéré, ẹ̀kẹta á tún kéré. Òótọ́ ni pé àwọn kan wà báyìí tí wọ́n ń ta bí ìbọn láti ilẹ̀, ṣùgbọ́n ti ṣéènì ló pọ̀ jù láyé. Tà-tà-tà tí mo gbọ́ yẹn ńkọ́? Ó ní eyín irin ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ṣéènì láti ìsàlẹ̀ dókè, ìkọ́ irin kan sì wà lábẹ́ ọkọ̀ tó ń bọ́ sẹ́yìn eyín kọ̀ọ̀kan bó ti ń kọjá. Bí ṣéènì bá já, ìkọ́ á kọ́ eyín, ọkọ̀ kò ní lè padà sẹ́yìn. Ariwo tó ń da àyà gbogbo èèyàn rú yẹn, ariwo ààbò ni. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbọ́ ọ, ara mi á balẹ̀.

Ó tún sọ fún mi pé wọ́n máa ń pín ojú irin sí abala-abala, ọkọ̀ méjì kò gbọdọ̀ sí nínú abala kan náà. Bí ti iwájú kò bá tíì jáde, bíréèkì á dá ti ẹ̀yìn dúró fúnra rẹ̀. Mo wá bi í pé ta ló ń mọ̀ láràárọ̀ pé gbogbo rẹ̀ ṣì dára.

"Àwa ni, Àǹtí. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tá a fi ń rìn ín. A á fọwọ́ kàn án, a á fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà a á rán ọkọ̀ lófìfo lọ yípo, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, kẹ́nikẹ́ni tó wọ̀ ọ́."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Gíríìsì ti wọ abẹ́ èékánná débi tí ọṣẹ kò lè yọ ọ́ mọ́, àpá ìléròrò kan sì wà lẹ́yìn àtàǹpàkò rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo ti ń wá a láti ìgbà tí mo wà ní kékeré. Kò yé e, mo sì jẹ́ kó lọ jẹun rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti onígi fún yín, torí òun ni mo fẹ́ràn jù. Parc Astérix wà ní àríwá Paris, ọdún 1989 ni wọ́n ṣí i. Ní ọdún 1997 wọ́n kọ́ òkè Rọ́ṣíà onígi kan síbẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Tonnerre de Zeus, ìyẹn Àrá Zeus. Zeus ni àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ gbà pé ó ni àrá, bí a ti mọ̀ pé Ṣàngó ló ni ín. Gíga rẹ̀ tó mítà 30, eré rẹ̀ sì lé ní kìlómítà 80 láàárín wákàtí kan. Orí ìwé kò lè sọ bó ti rí. Irin kì í sọ̀rọ̀, igi ń sọ̀rọ̀. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, gbogbo òpó igi wọ̀nyẹn á mì, wọ́n á ké, wọ́n á tún dákẹ́, bí ilé àtijọ́ tí ìjì ń fẹ́ lù. Ẹlòmíràn á rò pé ó fẹ́ wó. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ ọ kó lè máa mì ni. Bí kò bá mì, á ṣẹ́.

Lábẹ́ ọkọ̀ náà, oríṣi ẹsẹ̀ mẹ́ta ló wà: ọ̀kan ń yí lórí irin, ọ̀kan dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀kẹta sì wà lábẹ́ irin, kí ọkọ̀ má bàa fò kúrò nígbà tó bá gorí òkè pẹ̀lú eré. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ John Miller ló gba ìwé àṣẹ ẹsẹ̀ abẹ́ irin yẹn ní ọdún 1919. Ṣáájú rẹ̀, àwọn tó ń kọ́ ọ kò lè jẹ́ kó ga púpọ̀, kò sì lè sáré. Lọ́dún 1884, nígbà tí LaMarcus Thompson ṣí tirẹ̀ ní Coney Island lẹ́bàá New York, eré rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ sáré lọ, sẹ́ǹtì márùn-ún lèèyàn sì fi ń gùn ún. Ẹsẹ̀ kékeré tí kò sẹ́ni tó ń rí i yẹn ló sọ gbogbo nǹkan di ńlá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá débẹ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Ẹ má gun onígi láàárọ̀, ẹ jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́. Gíríìsì á ti gbóná, ọkọ̀ á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, á sáré ju ti àárọ̀ lọ. Ẹ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Àwọn tó jókòó síwájú á ti kọjá orí òkè kí ọkọ̀ tó já, wọ́n á kàn rọ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ń já lọ níwájú náà ni yóò fa ẹni ẹ̀yìn gba orí òkè kọjá, ìdí yín á sì kúrò lórí ìjókòó. Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni. Nínú ìṣẹ́jú àáyá méjì yẹn, ẹni ọdún ọgọ́ta kò ní egungun kankan tó ń dùn ún.

Ní ọgbà mìíràn tó ní onígi, mo dé kùtùkùtù lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, mo sì rí káfíńtà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lórí àtẹ̀gùn tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, àpò ìṣó léjìká. Bó bá ti dé ibi tí bọ́òtì wà, á gbá a lẹ́ẹ̀kan, á tẹ́tí, á sì kọjá. Ó dé ibì kan, ó gbá a, ó dúró. Ó tún gbá a. Ó kúnlẹ̀, ó yọ sípánà, ó fún un, ó gbá a lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá dìde. N kò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan nínú ìró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun gbọ́.

Mo ti dé Jámánì, mo ti dé Hólàndì, mo ti dé Sípéènì, n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣàì sọ ti Copenhagen, olú ìlú Denmark. Ní ọdún 2004 ni Ràfíátù ọmọ mi fi owó iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ mú mi lọ síbẹ̀, sí Tivoli. Ọgbà náà ti wà láti ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1843, ìyẹn ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ṣáájú kí Walt Disney tó ṣí tirẹ̀ ní California lọ́dún 1955. Disney fúnra rẹ̀ ti lọ wò ó kó tó kọ́ tirẹ̀. Àárín ìlú gan-an ló wà. A wọlé, iná ẹlẹ́wà lórí igi, òdòdó, orin. A dé etí adágún kan.

"Màmá, ẹ wá wo ẹja."

N kò wo ẹja. Bí omi náà ṣe tẹ̀ ni mo ń wò, bó ti rìn bí ẹni tó ń yí nǹkan ká tí wọ́n sì gé e kù lójijì. Mo ní, "Ràfíátù, yàrà ni èyí."

Ó rò pé àárẹ̀ ìrìn-àjò ni. A ka àkọlé, ó sì rí bẹ́ẹ̀: yàrà ìlú ni, tí wọ́n gbẹ́ yí odi Copenhagen ká láyé ogun, ìyókù rẹ̀ ni wọ́n sọ di adágún. Ọmọ Kétu kì í ṣi yàrà mọ̀. Odi tiwa àti yàrà rẹ̀ ni àwọn baba wa gbẹ́kẹ̀ lé, ẹnu ọ̀nà Àkàbà Ìdènà sì ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Ní ọdún 1886 àwọn ọmọ ogun Dahomey fọ́ Kétu, wọ́n sun ún, wọ́n kó àwọn èèyàn lẹ́rú. Ìyá tó bí ìyá-ìyá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ. Èmi wá dúró létí yàrà àwọn ẹlòmíràn tí ọmọdé ń jẹ súìtì lẹ́bàá rẹ̀, tí iná pupa àti àwọ̀ ewé ń jó lójú omi. Wọ́n máa ń sọ pé Georg Carstensen tó dá ọgbà náà sílẹ̀ sọ fún ọba wọn pé bí àwọn èèyàn bá ń gbádùn, wọn kì í ronú òṣèlú. Èmi ronú lọ́jọ́ náà ju gbogbo ọjọ́ lọ.

Òkè Rọ́ṣíà onígi kan wà nínú Tivoli, láti ọdún 1914. Nígbà tá a wọ ọ́, ọkùnrin kan ti jókòó láàárín ọkọ̀, kì í ṣe èrò. Òun ló di bíréèkì mú. Bí ọkọ̀ bá sáré jù, á fà á. Bó bá rí i pé a lè gbà á, á tú u sílẹ̀. Àwa tá a jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pariwo, ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ojú wa. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí i! Lẹ́yìn ogójì ọdún, bàbá onímánẹ́ẹ̀jì náà ni, ó wọ fìlà òyìnbó.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, kò sì dùn lẹ́nu. Ní Paris, ọgbà kan wà nínú igbó Boulogne tí wọ́n ń pè ní Jardin d'Acclimatation, láti ọdún 1860. Ọjọ́rú ni mo máa ń mú àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Rélùwéè kékeré kan ń gbé èèyàn láti Porte Maillot wọ inú rẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó tó ọdún mẹ́wàá kí n tó mọ̀ pé láti ọdún 1877 ni wọ́n ti ń kó èèyàn láti ilẹ̀ òkèèrè wá sínú ọgbà yẹn, kí àwọn ará Paris lè sanwó wò wọ́n bí ẹni ń wo ẹranko. Àwọn ará Dahomey wà lára wọn.

Kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 1893, ní ìpàtẹ àgbáyé ní Chicago, George Ferris gbé àgbá ńlá aláyìípo àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ró. Gíga rẹ̀ tó mítà 80, yàrá 36 ló so mọ́ ọn, ìkọ̀ọ̀kan gba èèyàn 60, àádọ́ta sẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń gùn ún. Gbogbo àgbá aláyìípo tí ẹ rí láyé, ọmọ rẹ̀ ni. Lórí pápá kan náà, abúlé kan wà tí wọ́n pè ní abúlé Dahomey, tí wọ́n kó ọkùnrin àti obìnrin ilẹ̀ wa sí, kí wọ́n máa jó, kí wọ́n máa fi ohun ogun ṣeré fún èrò. Lọ́dún kan náà, Béhanzin ọba Dahomey ṣì wà nínú igbó, Faransé ń lépa rẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 1894 ló tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Frederick Douglass, tí wọ́n bí sínú oko ẹrú tó sì di àgbà láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, wà ní ìpàtẹ náà, ó sì kọ̀wé pé àbùkù ni wọ́n fi àfihàn náà kan gbogbo aláwọ̀ dúdú.

Ọmọ Kétu ni mí. Ọ̀tá wa ni Dahomey nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí fọ́tò àwọn obìnrin yẹn, tí wọ́n dúró nínú òtútù tí aṣọ wọn kò sì tó, n kò rí ọ̀tá kankan. Mo rí ọwọ́ ìyá mi, mo rí ìdúró ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ta ẹ̀kọ. Ta ló ń wo ojú wọn? Ta ló di bíréèkì mú fún wọn? N kò gun ohunkóhun fún odindi ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí mo padà, n kò gbàgbé wọn mọ́. Bí mo bá wọ àgbá aláyìípo, tí mo bá dé òkè téńté, mo máa ń sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ní ohùn jẹ́ẹ́ fún wọn. Ó ti di àṣà mi.

Àwọn kan máa ń sọ pé eré òyìnbó ni nǹkan wọ̀nyí. Ẹ lọ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu. UNESCO fi í sínú àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ ṣìkẹ́ ní ọdún 2001, ṣùgbọ́n kí UNESCO tó mọ̀ ọ́n la ti mọ̀ ọ́n. Ẹ wo àwọn ère orí igi wọ̀nyẹn, àwọn tó ní ènìyàn tàbí ẹranko kéékèèké lórí tó ń mira: ejò ń gé ẹyẹ jẹ, obìnrin ń gún odó. Okùn ló ń mú wọn mì, ẹni tó ń fa okùn wà nísàlẹ̀, ẹ kò rí i. Ní ọdún 1963 ni Disney kó àwọn ẹyẹ ẹlẹ́rọ jáde tó ń ya ẹnu tó ń kọrin, ayé ní kò sí irú rẹ̀ rí. Mo ti rí ẹyẹ tó ń yanu lórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kí n tó rí Paris. Ìlà wa ńkọ́? Gbogbo òru la fi ń dúró ní gbàgede de Ẹ̀fẹ̀, ọmọ lẹ́yìn, àga lórí. Àwa náà mọ ìdúró tó ń dùn.

Mo padà wálé ní ọdún 2014. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé àwọn eré ẹ̀rọ ti ń wọ ìlú wa nígbà ọdún, ti iná mànàmáná, tó ní àwọ̀ àti orin. Mo mú ọmọ-ọmọ mi lọ sí ọ̀kan, n kò ní sọ ibi tó jẹ́. Àga aláyìípo ni, tí ṣéènì so rọ̀. A jókòó, mo wo ìdè tó yẹ kó di ọmọ náà mú, mo rí i pé wáyà tín-ínrín ni wọ́n fi so ó, irú èyí tá a fi ń so ọgbà adìyẹ. Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gba owó.

"Ọmọ mi, ìdè yìí ti já."

"Ìyá, ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀. Kò sí nǹkan."

Mo gbé ọmọ-ọmọ mi sọ̀ kalẹ̀. Ó sunkún. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀, wọ́n ní mo fẹ́ ba ọjà wọn jẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé, ọmọ obìnrin kan já bọ́ láti orí àga kan náà. Ọlọ́run ló yọ ọ́, eyín méjì ló lọ. Àwọ̀ tuntun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kun ẹ̀rọ náà, àwọ̀ tó dára gan-an. Owó tí wọ́n fi ra ọ̀dà ìbá ra ìdè ogún.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà láti wá bá yín sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ wa kan ń ronú láti kọ́ ọgbà eré ní agbègbè wa. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó ṣeé ṣe, mo fẹ́ rí i kí n tó kú. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àwòrán ilé ńlá hàn mí. Ẹ mú ẹni tó máa rìn ín láàárọ̀ wá kí n rí i. Ẹ sọ owó oṣù rẹ̀ fún mi. Ẹ sọ fún mi pé bó bá ní kí wọ́n má ṣí i lónìí, ọ̀gá kò ní lè jà á níyàn. Ìyá tó dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ohun tí mo ń wá níbẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ràn kí ẹ̀rù bà mí níbi tí ẹnìkan ti bá mi ṣọ́ ẹ̀rù náà láti ìdájí. Kò wọ́pọ̀ láyé.

Orúnkún mi kò gba onígi mọ́ báyìí. Láàárọ̀ mo máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ń ta mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ. Lọ́sàn-án, bí ọjà bá dẹ̀, mo máa ń yọ àwọn máàpù mi jáde. Gbogbo ọgbà tí mo dé ni mo gba máàpù rẹ̀, torí ọdọọdún ni wọ́n ń yí i padà, ohun tí wọ́n bá wó kò ní sí nínú ti ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ-ọmọ mi máa ń fi ìka rin ojú ọ̀nà inú wọn, á ní, "Ìyá àgbà, ibí ńkọ́, kí ló wà níbí?" Màá sọ fún un.

Mo kó wọn wá. Wọ́n wà nínú agolo bísíkíìtì yẹn lórí tábìlì, ti ọdún 1992 ló wà lókè, ó ti ya díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ká a. Àwọn tó jẹ àkàrà kí wọ́n tó wọlé, ẹ jọ̀wọ́, omi àti ọṣẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ wá wò wọ́n.